Lójú Ọ̀nà Àbíjàn: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Lẹ́yìn Tí Àǹtí Jáde Láyé

Ọjọ́ Àìkú, Ẹ̀jìgbò

Àná ni Àǹtí Àbíjàn pé ogójì ọjọ́ tó ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Àwọn àlùfáà ka Kùránì, a ṣe sàárà, àwọn èrò tó ti Ìwó, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo wá jẹun, wọ́n sì bá wa tọrọ kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Lónìí tí ilé ti dá, bàbá mi pe èmi àti Ìyá Ìbejì wọ yàrá. Àǹtí nìkan ni àbúrò tó kù fún un nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní: "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa rìn ín. Bó ṣe wí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má bù kún un, ẹ má sì bù kúrò níbẹ̀."

Ohun tí Àǹtí wí kò gùn. Ó ní kí a tọ ọ̀nà tí òun máa ń tọ̀ lọ sí Àbíjàn, kí a yà lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé náà. Ẹni tí òun bá jẹ ní gbèsè, kí a san án fún un títí dórí kọ́bọ̀. Ẹni tó bá jẹ òun, kí a sọ fún un pé òun ti fi jì í láyé àti lọ́run.

Ẹni tí kò bá mọ Ẹ̀jìgbò lè máa ṣe kàyéfì pé báwo ni ọ̀nà tó jìn tó báyìí ṣe di tiwa. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun la wà, Ògìyán ni ọba wa, ṣùgbọ́n láti ayé ìjọba Faransé ni àwọn bàbá wa ti ń lọ ṣòwò ní Kódífúà. Ní gáréèjì ìlú yìí, ọkọ̀ ń gbéra tààrà lọ sí Àbíjàn. Wọ́n ń gba séfà, owó tí wọ́n ń ná ní Àbíjàn, lọ́jà wa. Bí ìsinmi bá dé, wàá gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń fi Faransé ṣeré lójúde. Ilé wo ló wà ní Ẹ̀jìgbò tí kò ní ẹnì kan ní Àbíjàn?

Ìlú Àkírà ni wọ́n bí Àǹtí sí, ní nǹkan bí ọdún 1955. Ọdún 1976 ló kọ́kọ́ dé Àbíjàn. Abọ́ tánganran ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí adìrẹ Òṣogbo àti ti Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó kan léèsì. Bó bá ń bọ̀ wálé, àǹkárá ló ń rù bọ̀. Òwò gbé e dé Bàmákò, Wagadúgù àti Dàkà. Ó dé Guangzhou ní Ṣáínà, níbi tó ti fi ẹ̀rọ ìṣirò nájà láìgbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn. Ó rí ilẹ̀ Mẹ́kà. Ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kò lè gun ọkọ̀ mọ́ ló tó jókòó sílé.

Ìwé náà ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìwé ọmọ iléèwé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù, wọ́n tẹ ìṣirò onílọ́po sí ẹ̀yìn rẹ̀. Prámárì mẹ́ta ni Àǹtí kà mọ, nítorí náà kì í da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú orúkọ. Àwòrán ló ń yà. Ẹja kékeré kan: ìyẹn ni ẹlẹ́ja Kútọnu. Òbìrìkítí tó ní ihò láàárín: fọ́káńísà. Ìkòkò tí èéfín ń rú lórí rẹ̀: olóúnjẹ. Iye owó wà níwájú àwòrán kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oṣù àti ọdún. Ìyá Ìbejì, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó sì gbọ́ Faransé, mọ gbogbo wọn pátá. Òun ló ṣàlàyé àwọ̀ bírò fún mi: búlúù ni àwìn, pupa ni ohun tí Àǹtí fún ènìyàn tí kò gbọdọ̀ padà wá.

Àwọn tó wá kí wa lánàá ń wí pé "ó lawọ́, ó lawọ́," bí ẹni pé owó kàn ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àǹtí máa ń wọn ọrẹ bó ṣe ń wọn aṣọ ni: ó mọ ẹni tó ń fún, ó mọ iye tó máa tó onítọ̀hún, ó sì mọ ìgbà tí òun yóò padà wá wo ohun tó fi ṣe. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí ó tó di ìtàn tí ẹnu ti bù mọ́.

Ọjọ́ Ajé, Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu

A kírun àsùbá tán la wọkọ̀. Ìwó, Ìbàdàn, Èkó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 kò tíì yí padà. Oòrùn ti kan àtàrí kí a tó kọjá Àgbádárìgì.

Gbogbo ẹni tó bá bá Àǹtí rìn ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀: "Jẹ́ kí ìwé rẹ sọ̀rọ̀ lẹ́nubodè, kí ìwọ dákẹ́." Páàsì àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kì í kúrò nínú àpò tó so mọ́ ìbàdí. Ìlú Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 28 oṣù Karùn-ún 1975, àdéhùn ọdún 1979 sì sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Àǹtí mọ àdéhùn yẹn ju ọ̀pọ̀ ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù lọ. Ní ọ̀kan nínú àwọn ibodè tí a gbà, ẹnì kan ní ìwé wa pé o, ṣùgbọ́n kí a "ṣe dáadáa." Ìyá Ìbejì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú àkàrà rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò sẹ́ni tó mú owó jáde, wọ́n ní kí a máa lọ.

Ibí yìí, ní Sẹ̀mẹ̀, ni Àǹtí wá ní oṣù Kìíní 1983. Ìjọba Shagari ti ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé fi Nàìjíríà sílẹ̀. Bodè Gánà wà ní títì pa nígbà náà, ọ̀nà dí láti ibẹ̀ wá dé orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ènìyàn há sójú kan pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ̀jìgbò ni Àǹtí wà lọ́sẹ̀ náà. Ó ra gàrí àti búrẹ́dì, ó wọkọ̀, ó wá ń wá ọmọkùnrin kan láàárín èrò. Bí mo bá dé Àkírà, màá sọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Kútọnu. Ọjà Dantokpa wà létí ọ̀sà, òórùn ẹja gbígbẹ ló sì kọ́kọ́ pàdé wa. Ẹlẹ́ja ti ń retí wa, nítorí Ìyá Ìbejì ti pè é lórí fóònù. Yorùbá Àjàṣẹ́ ló ń sọ, ó fi Ègùn là á. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta séfà, ìyẹn 60,000, ni búlúù wí pé ó jẹ, láti 2018. Kí a tó jókòó ló ti tú ìborùn rẹ̀, ó to owó náà sórí tábìlì.

"Ó ti fi jì yín," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Kò fi ohunkóhun jì mí. Mo ní in lọ́wọ́, ẹ gbà á."

Ó pẹ́ kí ó tó gbà láti dá owó náà padà sínú ìborùn, kò sì gbà láì sunkún. Ohun tí ìwé kò kọ ni pé nígbà tí Nàìjíríà ti bodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ 2019, tí Sẹ̀mẹ̀ kò sì ṣí fún ọjà títí di oṣù Kejìlá 2020, yàrá ẹja obìnrin yìí ni ẹrù Àǹtí sùn sí. Kò gba owó yàrá. Àǹtí náà kò bèèrè 60,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó dárúkọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnì kejì rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Lomé

Ọ̀nà etí òkun la gbà: Ouidah, Grand-Popo, bodè Hilla-Condji, Aného tí àwọn Jámánì ti fi ṣe olú-ìlú Tógò kí wọ́n tó gbé e lọ sí Lomé ní 1897. Ìrìn kò le. Nǹkan tó wà ní Lomé ló pọ̀.

Ibí ni Àǹtí ti kọ́ òwò aṣọ, ọwọ́ àwọn obìnrin tí ayé mọ̀ sí Nana Benz ló sì ti kọ́ ọ. Vlisco, tó ti wà ní Helmond nílẹ̀ Holland láti 1846, ló ń ṣe àǹkárá tí a ń pè ní Họ́láńdì. Àwọn ilé òwò òyìnbó ń kó o wá sí Lomé, níbi tí owó ibodè ti kéré. Wọ́n á wá pín àwòrán aṣọ fún àwọn obìnrin wọ̀nyí: bí àwòrán kan bá ti jẹ́ tìrẹ, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ni oníṣòwò Èkó, ti Àbíjàn àti ti Kinshasa ti lè rí i rà. Nana ló mọ ohun tí ènìyàn fẹ́ wọ̀, òun ló ń sọ fún òyìnbó. Òun náà ló ń sọ aṣọ lórúkọ. Ọ̀kan wà tó ní ọkọ òun tó gbangba í sùn lọ́yẹ́, ọ̀kan wà tó ń sọ fún ọkọ pé bí o bá jáde, èmi náà á jáde. Ọ̀kan ní pùlọ́ọ̀gì mọ́tò mẹ́fà lára, fún obìnrin tó tó ẹni tí í gun mọ́tò ńlá. Patience Sanvee àti Dédé Rose Creppy wà nínú àwọn tí orúkọ wọn kàn. Wọ́n ra Mercedes-Benz débi pé ìjọba Tógò máa ń yá a lọ́wọ́ wọn láti fi gbé àlejò pàtàkì.

Nana tí Àǹtí ń bá ná ọjà ti kú tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbà wá lálejò, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Assigamé, ọjà ńlá Lomé. Ó sọ bí Àǹtí ṣe kọ́kọ́ wọlé: ọ̀dọ́mọbìnrin tó so ọmọ mọ́yìn, tí owó rẹ̀ kò tó ìgán kan. Ìyá ní kó mú ààbọ̀ ìgán lọ ní àwìn, yáàdì mẹ́fà. Ó ní bí o bá padà wá, wàá mú odindi. Bí o kò bá padà wá, mo ti ra ìwà rẹ ní yáàdì mẹ́fà, kò wọ́n. Àǹtí padà wá.

Mo ní kó fi bí ìyá ṣe ń dá Họ́láńdì mọ̀ hàn mí. Ó fa ìgán kan sílẹ̀, ó yí i padà: inú àti òde, àwọ̀ kan náà. Ó ní kí n wo àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó gba inú àwọ̀ kọjá, níbi tí ìda ti sán kí aró tó wọ ibẹ̀. Kò sí ibi méjì tó jọra. Ó fi itọ́ kan àtàǹpàkò, ó ra á mọ́ aṣọ náà, ó na ọwọ́ sí mi. Àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ féfé. Lẹ́yìn náà ló wá gbé etí aṣọ, níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí, sún mọ́ ojú mi. "Orúkọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jí," ló wí. "Ìyá mi àti Àǹtí yín, etí aṣọ ni wọ́n máa ń wò kẹ́yìn." Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ni Àǹtí fi kọ́ òun náà ní Treichville, àdúgbò tó ń gbé ní Àbíjàn.

Òwò náà kò padà sí bó ṣe wà. Ní oṣù Kọkànlá 1992, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní Tógò, ó lo oṣù mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kúrò ní Lomé. Oṣù Kìíní 1994, wọ́n gé iye séfà sí ìdajì. Ọjọ́ kan ṣoṣo, aṣọ tí wọ́n ti ń rà lówó òyìnbó di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà ni ayédèrú láti Ṣáínà gba ìgboro. Èyí tó wá dá ọ̀pọ̀ lóró ni iná. Òru kan ní oṣù Kìíní 2013, ilé aláràbarà tó jẹ́ ọkàn Assigamé jó, gbogbo ọjà inú rẹ̀ sì jó mọ́ ọn.

Ojú ewé 2013 nínú ìwé Àǹtí, pupa ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwòrán kan náà ló tún yà léraléra, aṣọ tí wọ́n ká, kò sì sí owó níwájú rẹ̀. "1" nìkan ló wà níbẹ̀, tàbí "2." Ọmọ Nana ló tú u fún wa. Lọ́sẹ̀ kejì iná, Àǹtí ti Àbíjàn dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún fún àǹkárá Uniwax, iléeṣẹ́ aláǹkárá Àbíjàn. Kò fún ẹnikẹ́ni lówó. Ó ní bí òun bá fún wọn lówó, àwọn onígbèsè wọn yóò ti gbà á kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìgán ló fún oníkálukú, èyí tó pàdánù jù lọ gba méjì. "Ẹ jókòó sójú títì, kí àwọn oníbàárà yín rí i pé ẹ ṣì wà." Oṣù kẹta, ó tún dé, ó ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí èkejì, ó ń béèrè pé kí wọ́n fi ojú owó han òun. Ó bá obìnrin kan tó ti fi tirẹ̀ sanwó ìyàwó ọmọ rẹ̀ jà gidigidi. Kò tún fún un ní nǹkan mọ́. Obìnrin náà wà níbẹ̀ lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ní ìjà náà ló la òun lójú.

Ọjọ́rú, Àkírà

Bodè Gánà wà nínú ìgboro Lomé gan-an, o lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọjà débẹ̀. Aflao, afárá odò Volta ní Sogakope níbi tí àwọn ọmọ ti ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì, lẹ́yìn náà Àkírà.

Àdúgbò tó ń jẹ́ Accra New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi àgbà ti ń ta abọ́ tánganran, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi àti Àǹtí sí. Ní 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jáde. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ẹ̀jìgbò léèrè: ọ̀pọ̀ wọn ló fi ọjà, ilé àti gbèsè tí ẹlòmíì jẹ wọ́n sílẹ̀. Bàbá mi àgbà kó abọ́ tí kò lè gbé àti máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ fún obìnrin Gà kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́ lójúde kan náà. Kò retí pé òun á tún fojú rí wọn.

Ní 1976 tí Àǹtí ń lọ sí Àbíjàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yà síbẹ̀ láti kí obìnrin náà. Oníkẹ́ńkẹ́ ṣí yàrá, ó fa ẹrù yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abọ́ pé. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé wọn ní 1969 ṣì wà lára wọn. Nǹkan ti le ní Gánà láàárín ọdún méje yẹn, tánganran sì ń pa owó, síbẹ̀ kò ta ẹyọ kan. Abọ́ yẹn ni Àǹtí tà ní Treichville. Kò sí ojú owó mìíràn tó bá a débẹ̀.

Ọmọ obìnrin náà ló ń wá ní Sẹ̀mẹ̀ ní 1983. Ó ti di bàbá arúgbó báyìí, òun ló sì jókòó ní iwájú ilé tó ń dúró dè wá. Ó gbọ́ Yorùbá Èkó dáadáa, nítorí Mushin ló gbé kí wọ́n tó lé wọn. Ó ní òun gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo orúkọ ìyá òun láàárín èrò, òun rò pé ebi ló ń pa òun lójú. Gàrí àti búrẹ́dì ló gbé lé òun lọ́wọ́, ó bá òun sùn síta ní Sẹ̀mẹ̀, kò lọ títí ọ̀nà fi là.

Nínú ìwé, àwòrán ilé yìí wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, ní apá ohun tí Àǹtí jẹ ẹlòmíì. Kẹ́ńkẹ́ kan tí wọ́n fi ewé wé. Kò kọ iye kankan síwájú rẹ̀. A fún bàbá náà ní aṣọ òfì tí Àǹtí ti yà sọ́tọ̀ fún un, ó sì fi lé èjìká títí a fi jẹun tán.

Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀nà

Cape Coast, Takoradi, Axim. Òjò láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́. Elubo la sùn. Kò sẹ́ni tí Àǹtí kọ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà yìí, ara wa sì nílò oorun.

Ọjọ́ Ẹtì, Noé dé Treichville

A gba orí afárá odò Tano kọjá sí Noé, owó tún padà di séfà. Ní Grand-Bassam, Ìyá Ìbejì ní kí awakọ̀ dúró kí a ra attiéké, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Àǹtí kì í kọjá ìlú yìí láì sọ ti àwọn obìnrin tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Bassam ní 24 oṣù Kejìlá 1949, tí wọ́n ń bèèrè pé kí àwọn Faransé tú àwọn olóṣèlú tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n da omi lù wọ́n. Àǹtí máa ń ní kí àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ òun sọ ìtàn náà fún òun ní Faransé, kí ahọ́n wọn lè là.

Àbíjàn ń rọ̀ bí a ṣe wọlé. Nínú oṣù Kẹfà, òjò ìlú yìí kì í fi ọwọ́ kékeré mú nǹkan. Jímọ́ọ̀ ti kọjá lórí wa. Agboolé tí Àǹtí gbé ní Treichville rí bó ṣe máa ń sọ ọ́: àwọn yàrá dojú kọ ara wọn, ẹ̀rọ omi kan wà láàárín, oríṣiríṣi èdè sì ń ti ojú fèrèsé jáde. Àwọn ará ilé tú síta nínú òjò. "Táńtí! Táńtí!" ni wọ́n ń pè, bí wọ́n ṣe ń pè é, wọ́n ń fà mí mọ́ra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Treichville

Gbogbo òwúrọ̀ la fi wà lọ́jà. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí ti ní ìsọ̀ tiwọn, àwọn mìíràn wà ní Adjamé, wọ́n wá bá wa. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọjọ́ tó bá dá ọ lómìnira, kò ní fún ọ lówó, ọjà ló máa fún ọ. Láàárín oṣù díẹ̀, yóò yọ sí ọ láìròtẹ́lẹ̀, yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa wo bí o ṣe ń dá oníbàárà lóhùn. Bí o bá ṣe dáadáa, ó lè bá ọ san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan. Bí o bá ń sọ̀sọkúsọ sí oníbàárà, yóò dìde, kò ní sọ nǹkan, kò sì ní padà wá títí wàá fi wá bẹ̀ ẹ́.

Ọmọkùnrin kan dé tó ti kàwé jáde ní yunifásítì Cocody. Pupa ló wà níwájú rẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú àwòrán ìwé tó ṣí sílẹ̀. Ọmọ ará agboolé ni, kì í ṣe Yorùbá. Ó ní Àǹtí kì í san owó ọdún tuntun láì gba èsì ìdánwò ti èṣí. Yóò pe ẹlòmíì nínú agboolé kó kà á sókè níwájú gbogbo ènìyàn. Ọdún kan tí èsì rẹ̀ kò dára, ó ń retí èébú. Àǹtí ní kó máa wá kàwé nínú yàrá òun lálaalẹ́, nítorí òun ní iná, yàrá tiwọn kò ní.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2011 ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn ìbò 28 oṣù Kọkànlá 2010, ènìyàn méjì ló ní òun ni ààrẹ. Oṣù Kejì 2011, báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, ìbọn ń dún nígboro títí wọ́n fi mú Gbagbo, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ní 11 oṣù Kẹrin. Ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀jìgbò sá wálé. Bàbá mi ń fi fóònù bẹ Àǹtí kó máa bọ̀, kò dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ ni àjọ àwọn obìnrin ọjà wà, báńkì tó kó o sí ti tì. Aṣọ tó wà ní yàrá ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ẹ̀dínwó, ìgán lórí ìgán, ó ń fi san àjọ fún ẹni tó bá ti kàn. Ìyá Ìbejì ní òun ń bá a ru ẹrù lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ń bà á. Àǹtí ní ẹni tó gba àjọ rẹ̀ lónìí ni yóò rí owó ọkọ̀ sá lọ lọ́la.

Ọjà kò ṣí láwọn ọjọ́ yẹn. Aládùúgbò kan, ọmọ Kódífúà tó ń ta attiéké, ń gbé oúnjẹ wá fún un lálaalẹ́. Mo bá a nínú ìwé: ìkòkò elééfín, búlúù, ní apá ohun tí Àǹtí jẹ. Àwo oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, igi kan. Ó kó wọn jọ, ó sọ wọ́n dowó. Nígbà tí a kó owó náà jáde lálẹ́ yìí, obìnrin náà bínú. Ó ní òun fún un ni, òun kò tà á. Ìyá Ìbejì fi Faransé bá a sọ ọ́ títí. Ó ní Táńtí ló rán wa, a kò lè gbé e padà dé ọ̀dọ̀ bàbá wa. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Nígbẹ̀yìn ó gbà á, ó kà á, ó ní Táńtí ka àwo méjì kún un tí òun kò gbé wá. Ó dá owó àwo méjì yẹn padà, kò sì sí ohun tí a lè sọ tó mú un gbà á.

Ọjọ́ Àìkú, Treichville

Ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò pàdé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Wọ́n ṣàdúrà, lẹ́yìn náà wọ́n kan ọ̀rọ̀ ìsọ̀ Àǹtí. Àwọn kan fẹ́ kí a tà á. Ìyá Ìbejì dìde, ó ní ọmọbìnrin méjì ló wà ní Ẹ̀jìgbò tí Àǹtí ti ṣèlérí ibẹ̀ fún, pupa ló wà nínú ìwé, ó ṣí i fún wọn. Ariwo pọ̀ díẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé òun ni yóò máa mójú tó ìsọ̀ náà, kí àwọn ọmọ náà dé lẹ́yìn Iléyá, kí ẹgbẹ́ san owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Mo pe bàbá mi lálẹ́. Mo ka orúkọ àwọn tí a ti rí fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dáhùn "ó dáa, ó dáa." Ó wá béèrè pé ta ló kù.

Mo ní fọ́káńísà nìkan ni. Àǹtí jẹ ẹ́ ní 15,000 séfà owó táyà, láti 2017, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní Àbíjàn, wọ́n ní ó wà ní Bouaké.

"Bouaké jìnnà síbi tí ẹ wà?"

Mo ní ó tó 350 kìlómítà, ní ìhà àríwá.

"Ẹ ti wá owó ọkọ̀?"

Ọkọ̀ Bouaké ń gbéra ní Adjamé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la. Ìyá Ìbejì ti san owó wa méjèèjì.